Kògbóògùn: Orúkọ Tó Pẹ́ Ju Òótọ́ Rẹ̀ Lọ

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 3 oṣù Ògún ọdún 1997, bàbá àgbàlagbà kan jókòó síwájú àwọn oníròyìn l'Ékòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olíkóyè Ransome-Kútì ni, dókítà àwọn ọmọdé, ẹni tó ti ṣe mínísítà ètò ìlera rí. Àbúrò rẹ̀, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, kú lọ́jọ́ tó ṣáájú, ní ẹni ọdún 58. Irú ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nílùú wa tí ẹni ńlá bá kú làwọn èèyàn ń retí: "àìsàn ránpẹ́ ni", "ó sùn, kò jí mọ́", tàbí "ọwọ́ ayé ni". Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sọ ìkankan nínú wọn. Ó ní éèdì ló pa àbúrò òun.

Àwa tí à ń kọ èyí, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wá nígbà náà. Ohun tí a rántí ni bí àwọn àgbà ilé ṣe dín ohùn rédíò kù, tí wọ́n wá ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé òkú náà wà ní yàrá kejì. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la gbọ́ dáadáa: kògbóògùn. Bí a ṣe mọ orúkọ àrùn yìí nìyẹn, kí a tó mọ àrùn náà fúnra rẹ̀. Ìtàn orúkọ yẹn la fẹ́ sọ, nítorí pé ó wà lára ohun tó pa ẹnì kan tí a fẹ́ràn.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Òkúdù 1981, CDC, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, gbé ìròyìn kúkúrú kan jáde. Ọ̀dọ́kùnrin márùn-ún nílùú Los Angeles ni irú àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan mú, irú èyí tí kì í sábà mú ẹni tí ara rẹ̀ le. Méjì nínú wọn ti kú kí ìròyìn náà tó jáde. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó fà á. Nítorí pé ọkùnrin tó ń bá ọkùnrin lò pọ̀ làwọn márààrún, àwọn dókítà kan kọ́kọ́ fún àrùn náà ní orúkọ tó ń sọ pé tiwọn nìkan ni. Kò pẹ́ tí àṣìṣe orúkọ yẹn fi hàn. Àrùn náà mú àwọn tó gba ẹ̀jẹ̀ nílé ìwòsàn, ó mú obìnrin, ó mú ọmọ jòjòló. Ní 1982, wọ́n yí orúkọ náà padà sí AIDS. Ní 1983, Françoise Barré-Sinoussi, Luc Montagnier àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Institut Pasteur nílùú Paris rí kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn náà. Ní 1986 ni wọ́n sọ kòkòrò náà ní HIV.

Ẹ ò rí i pé láti ọjọ́ kìíní ni orúkọ ti ń ṣi èèyàn lọ́nà? Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ àkọ́kọ́ yẹn á ní "kì í ṣe tèmi", kò sì ní ṣọ́ra.

Ó yẹ ká ya ohun méjì sọ́tọ̀ níbí. HIV ni kòkòrò tó ń pa sójà ara. Éèdì ni ipò tí ara máa ń bọ́ sí tí kòkòrò náà bá ti pa púpọ̀ nínú àwọn sójà náà láìsí ìtọ́jú, tí àìsàn tí kò tó nǹkan wá ń dá èèyàn wó. Ó lè gbà tó ọdún mẹ́wàá láàrin àkọ́kọ́ àti ìkejì, kí ẹni náà má sì mọ ohunkóhun. Gbogbo ẹni tó ní HIV kọ́ ló ní éèdì.

Ibo ló ti wá? Ìwádìí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tọ ipa rẹ̀ dé ara ìnàkí ní gúúsù ìlà-oòrùn Kamẹrúùnù. Ó jọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹran ìgbẹ́ ló gbé e dé ara èèyàn. Láti ibẹ̀ ló dé ìlú tí à ń pè ní Kinshasa lónìí, níbi tó ti ń tàn kálẹ̀ láti bí ọdún 1920. Ìyẹn ni pé nígbà tí àwọn ará Los Angeles ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàìsàn, ó ti lé ní 50 ọdún tó ti wà lára àwọn èèyàn ní Áfíríkà láìlórúkọ.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1986 ni ìjọba kéde àwọn àkọ́kọ́ tó ní in. Èèyàn méjì ni, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 13. Ta ni mínísítà ètò ìlera lásìkò náà? Olíkóyè Ransome-Kútì yìí kan náà ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn kò gbà á gbọ́. Àwàdà kan tàn kálẹ̀ pé lẹ́tà mẹ́rin tó wà nínú AIDS, ọgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà ni, kí wọ́n lè fi lé wa kúrò lórí ibùsùn. Wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì máa bá ìgbésí ayé wọn lọ.

Ẹ̀rù ba àwọn tó gbà á gbọ́. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n nílò orúkọ tí ìyá alágbo àti bàbá àgbẹ̀ máa gbọ́ yé. Wọ́n yí AIDS sí ohùn Yorùbá, ó di éèdì, wọ́n wá fi àpèjúwe lé e: àrùn kògbóògùn. Ká má parọ́, lásìkò tí orúkọ yẹn jáde, òótọ́ ni. AZT, oògùn àkọ́kọ́ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1987, kò lè dá kòkòrò náà dúró pẹ́ tí wọ́n bá lò ó lóun nìkan, owó rẹ̀ sì kọjá agbára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oṣù. Ẹni tí àrùn náà bá ti dá dùbúlẹ̀, ọjọ́ làwọn ẹbí máa ń kà. Lára ògiri, egungun àti agbárí òkú ni wọ́n fi ń yàwòrán àrùn náà fún àwa ọmọdé. A kọ́ láti sá fún un. Wọn kò kọ́ wa bí a ṣe máa tọ́jú ẹni tó bá ní in.

Fẹlá fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tí kò gbà. Ó ka ọ̀rọ̀ éèdì àti rọ́bà ìdáàbòbò sí ìtànjẹ òyìnbó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn fi wúwo. Beko, àbúrò wọn tó jẹ́ dókítà bákan náà, wà ní ẹ̀wọ̀n Abacha. Olíkóyè ló kù níta tó lè sọ̀rọ̀ fún ẹbí. Ó lè dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé tí dókítà tó ti ń kìlọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè bá parọ́ nípa òkú ilé ara rẹ̀, ìkìlọ̀ náà ti di asán.

Àwọn olólùfẹ́ Fẹlá kan bínú. Àwọn kan ní irọ́ ni. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n sin ín ní ọjọ́ 12 oṣù Ògún, èrò tó tẹ̀lé òkú náà kún ojú títì Èkó bámúbámú. Wọ́n ti gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ó pa á, wọ́n sì tẹ̀lé e délé. Fún ọ̀pọ̀ nínú wa, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a rí i pé éèdì lè pa ẹni tí àwọn èèyàn fẹ́ràn, kí wọ́n sì ṣì fẹ́ràn rẹ̀.

Nàìjíríà kọ́ nìkan ni irú ẹnu bẹ́ẹ̀ ti là. Ní Uganda, olórin Philly Lutaaya sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ ní 1989, nígbà tó ṣì wà láàyè, pé òun ní àrùn náà. Ó ń lọ láti iléèwé dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi ara rẹ̀ hàn wọ́n, títí ó fi kú ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn. Ní South Africa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gugu Dlamini sọ̀rọ̀ síta ní 1998 pé òun ní HIV. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, àwọn jàǹdùkú àdúgbò rẹ̀ nítòsí Durban lù ú pa. Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti sọ.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé lọ́jọ́ tí Olíkóyè ń bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀, orúkọ "kògbóògùn" ti ń di irọ́ láti bí ọdún kan sẹ́yìn. Ní 1996, níbi ìpàdé àgbáyé tó wáyé nílùú Vancouver ní Canada, àwọn dókítà fi hàn pé tí èèyàn bá lo oògùn mẹ́ta pọ̀, kòkòrò náà á wálẹ̀ débi tí àyẹ̀wò kò ní rí i mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwa tí a fi ètò kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ṣe, ó yé wa kíákíá. HIV kò lè bí sí i fúnra rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ wọ inú sójà ara kan tí wọ́n ń pè ní CD4, kó tú àkọsílẹ̀ tirẹ̀ sí èdè tí sójà náà ń kà, kó wá kì í bọ inú àkọsílẹ̀ sójà náà. Láti ìgbà yẹn, sójà tó yẹ kó gbèjà wa ti di iléeṣẹ́ tó ń tẹ ẹ̀dà kòkòrò jáde. Àṣìṣe máa ń pọ̀ nínú ẹ̀dà tó ń tẹ̀, àṣìṣe yẹn ló sì ń jẹ́ kó rí ọ̀nà bọ́ lọ́wọ́ oògùn kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n tí oògùn mẹ́ta bá dènà dè é lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kó rí àṣìṣe kan tó máa gbà á lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀dà títẹ̀ á dúró. Sójà ara á tún pọ̀ sí i. Ẹni tí wọ́n ti ń ra pósí sílẹ̀ fún á dìde, á padà síbi iṣẹ́. Kìkì pé díẹ̀ nínú kòkòrò náà máa ń sá pamọ́ sínú ara, tí èèyàn bá jáwọ́ nínú oògùn, á tún jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oògùn náà títí ayé.

Owó ló kù. Oògùn ọdún kan fún ẹnì kan lé ní 10,000 dọ́là. Ní oṣù Èrèlé 2001, Yusuf Hamied tó ni iléeṣẹ́ Cipla ní Íńdíà kéde pé òun máa ṣe é ní 350 dọ́là lọ́dún fún ẹgbẹ́ àwọn dókítà aláàánú. Ìkéde yẹn ló já ìdè. Ní 2002, ìjọba Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ètò tó fẹ́ fún 10,000 àgbàlagbà àti 5,000 ọmọdé ní oògùn, ní ₦1,000 lóṣù. Ní 2006, wọ́n sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Ní àwọn ọdún yẹn kan náà, Ààrẹ Thabo Mbeki ní South Africa ń ṣiyèméjì bóyá HIV ló ń fa éèdì, ìjọba rẹ̀ sì ń fi oògùn falẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2008 fojú bu ẹ̀mí tó ti ibẹ̀ ṣòfò sí ohun tó lé ní 330,000. Oògùn wà láyé. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ wọn.

Èyí ló mú wa dé ọ̀dọ̀ àǹtí wa.

Ańkárá ló ń tà n'Ìbàdàn. Òun ló máa ń fún wa lówó bisikíìtì tí a bá ti iléèwé dé. Ọkọ rẹ̀ ti kú ní bí ọdún mẹ́ta ṣáájú, wọ́n ní ọwọ́ ayé ni. Ní 2007, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀. Ìjókòó tó bá ti dìde, wọ́n á da omi gbígbóná sí i. Wọ́n ní kí àwa ọmọ má wọ yàrá rẹ̀ mọ́, a sì gbọ́ràn. Ìgbọ́ràn yẹn ń dùn wá títí dòní. Wọ́n gbé e lọ sílé àdúrà, wọ́n gbé e lọ sílé oníṣègùn, kó tó wá kú ní ìdajì ọjọ́ Ẹtì kan.

Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n ní ká kó ẹrù rẹ̀. Nínú báàgì tó ń kó owó ọjà sí, a rí káàdì ilé ìwòsàn kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin. Ọjọ́ tó máa wá gba oògùn ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ti fàmì sí ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì pé ó wá. Kò sí àmì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkẹta. A mú káàdì náà lọ fún ìyá àgbà. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ó sọ fún wa pé wọ́n ń fún òun lóògùn, pé ọ̀fẹ́ ni. Àwa la ní kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú. Àrùn tí kò gbóògùn, kí lèèyàn tún ń lo oògùn sí?"

Kò sẹ́ni tó kórìíra rẹ̀ nínú ilé yẹn. Ìyá tó bí i ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwòsàn náà kò ju ọkọ̀ méjì lọ sí ilé wa, oògùn sì ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún tó ṣáájú.

Lẹ́nu iṣẹ́ wa, a máa ń kọ àlàyé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ohun tí kóòdù náà ń ṣe. Nígbà míì kóòdù á yí padà, ẹni tó yí i á gbàgbé àlàyé náà síbẹ̀. Ẹni tó dé lẹ́yìn, àlàyé ló máa kà, á gbà á gbọ́, á sì ba iṣẹ́ jẹ́. Bí "kògbóògùn" ṣe rí nìyẹn. Ó jẹ́ òótọ́ ní 1986. Ní 2007, ó ti di irọ́, ṣùgbọ́n òun ni ìyá àgbà kà.

Ẹnì kan lè ní, "Ṣebí kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá?" Òótọ́ ni. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátá, nípasẹ̀ iṣẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń pààrọ̀ mùdùnmúdùn inú egungun, kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe fún gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Ìtọ̀ ṣúgà ńkọ́? Àwọn náà kì í lọ pátápátá, ojoojúmọ́ lèèyàn ń lo oògùn wọn, síbẹ̀ a ò pe ìkankan nínú wọn ní kògbóògùn. Kí ló dé tó fi jẹ́ HIV nìkan?

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ dé báyìí. Ní 2001, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn aláboyún wò káàkiri Nàìjíríà, nǹkan bí 5.8 nínú 100 ló ní HIV. Ní 2018, ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láti ilé dé ilé rí 1.4 nínú 100 láàrin àwọn ẹni ọdún 15 sí 49. Ọ̀nà ìwádìí méjèèjì kò dọ́gba, nítorí náà a ò lè fi wọ́n wé ara wọn tààrà, ṣùgbọ́n ó dájú pé ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá ní kékeré kọ́ ló ṣẹlẹ̀. Lágbàáyé, bí 2024 ṣe ń parí, nǹkan bí mílíọ̀nù 40.8 èèyàn ló ń gbé pẹ̀lú HIV, mílíọ̀nù 31.6 nínú wọn sì ń lo oògùn.

Ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé, tí àyẹ̀wò kò rí kòkòrò mọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò lè kó o ran ẹni tí wọ́n jọ ń sùn. Wọ́n ṣèwádìí èyí fún ọ̀pọ̀ ọdún lára àwọn tọkọtaya tí ọ̀kan ní in tí èkejì kò ní in, wọn kò sì rí ẹyọ kan tó kó o lára ẹnì kejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìyá tó ní HIV lè bí ọmọ tí kò ní in. Láìsí oògùn, ọmọ 15 sí 45 nínú 100 ló máa ń kó o lára ìyá wọn. Tí ìyá bá ń lo oògùn, wọn kì í tó márùn-ún. Ní 2024, èsì abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n dán wò ní South Africa àti Uganda jáde, ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wọ́n ń gbà á. Nínú ohun tó lé ní 2,000 ọ̀dọ́bìnrin tó gbà á, kò sí ẹyọ kan tó kó HIV.

Ọ̀nà tó ń gbà wọ ara kò yí padà: ìbálòpọ̀ láìlo rọ́bà, ẹ̀jẹ̀ tí wọn kò yẹ̀ wò, abẹ́rẹ́ tàbí abẹ tí ẹlòmíì ti lò, àti láti ara ìyá sí ọmọ nínú oyún, nígbà ìbí, tàbí nínú ọmú. Abọ́ kì í ràn án. Ife kì í ràn án. Ìjókòó, ẹ̀fọn, ìbọwọ́ àti ìfaramọ́ra, ìkankan nínú wọn kì í ràn án. Gbogbo omi gbígbóná tí wọ́n dà sí ìjókòó àǹtí wa, asán ni.

Síbẹ̀, nǹkan bí 630,000 èèyàn ni àìsàn tó tinú éèdì wá pa ní 2024. Òfin ti wà ní Nàìjíríà láti 2014 pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi HIV yan èèyàn nípọ̀sìn, ì báà ṣe níbi iṣẹ́ tàbí níléèwé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè wọ yàrá ẹbí lọ sọ fún ìyá àgbà pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ tó mọ̀. Èdè ló lè débẹ̀, àwa la sì ni èdè.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ètò rédíò, ẹ̀yin tí ẹ ń kọ fíìmù, ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi "kògbóògùn" sílẹ̀. Ẹ pè é ní HIV, tàbí kòkòrò apa sójà ara, gbogbo wa la máa gbọ́ ọ yé. Tí ẹ bá sì gbọ́ orúkọ àtijọ́ yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni nílé, ẹ má jẹ́ kó kọjá. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ sọ pé ó ń gbóògùn, pé ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Àlàfo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ kẹta kò tóbi ju èékánná lọ.